Ardith Kollmeyer àti Agbá Omi Ọkọ Rẹ̀

Ardith Kollmeyer, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, gba ọkọ rẹ̀ jáde nílé ìwòsàn ní Yuma ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì mú un padà sínú ilé onítáyà wọn ní Palo Seco, ọgbà tí a ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ sí. Lowell ni orúkọ ọkọ náà. Àwọn dókítà ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe fún ọkàn rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló gbé e gun àtẹ̀gùn onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹnu ọ̀nà náà há, ibùsùn aláìsàn kò gba ibẹ̀ kọjá. Àwa aládùúgbò dúró lẹ́bàá ilé wa, a kò sún mọ́ wọn. Ardith ló di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má baà tì í.

Ará Nebraska ni àwọn méjèèjì. Lowell ló ń tún ẹ̀rọ ṣe níbi tí wọ́n ń kó ọkà àgbàdo pamọ́ sí, Ardith sì ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ta ilé wọn, wọ́n ra ilé onítáyà, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn, wọ́n sì gba ojú ọ̀nà lọ. Ní àkókò ooru, wọn a máa pẹja ní apá òkè lọ́hùn-ún. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá sí aṣálẹ̀ Arizona pẹ̀lú àwa yòókù. Lẹ́yìn tí ọkàn Lowell bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, wọ́n dúró sí Palo Seco lójú kan. Koríko ti hù mọ́ táyà ilé náà lẹ́sẹ̀.

Omi Palo Seco le. Bí ó bá gbẹ lára ife, funfun rẹ̀ á kù síbẹ̀ bí ẹfun. Kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ó ń dí ojú ihò ibi tí a ti ń wẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná jẹ́ láàárín ọdún kan. Nítorí náà, kò sí ilé onítáyà kan nínú ọgbà wa tí kò ní agbá amómirọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Agbá náà kò ju sílíńdà gáàsì ìdáná lọ. Omi a ti ẹnu ẹ̀rọ gba inú rọ́bà wọ inú rẹ̀, a sì ti inú rẹ̀ gba rọ́bà mìíràn wọ ilé. Àwọn wóró kéékèèké tó dà bí ẹyin ẹja ló kún inú rẹ̀, àwọn ló ń gba líle omi náà dúró. Tí wọ́n bá ti gbà á títí tí wọ́n yó, wọn kò ní gbà mọ́, àfi kí á fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n.

Iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ náà ni. A ó ti ẹ̀rọ pa, a ó ṣí orí agbá, a ó da iyọ̀ sí i, a ó dé e, a ó sì ṣí omi díẹ̀díẹ̀ kí ó lè máa ti iyọ̀ náà la inú agbá kọjá jáde sí ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá ṣí omi gbàgà láti ṣan iyọ̀ tó kù dànù. Bébà pélébé kan wà tí ó ń sọ bóyá omi ṣì le. Kò sí bébà tí a ń lò fún iyọ̀. Ahọ́n la fi ń mọ̀ ọ́n. A ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi lẹ́nu rọ́bà, a ó tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá ṣì wà, a ó dúró. Bí kò bá sí mọ́, ó ti mọ́ nìyẹn. Báyìí ni a ṣe ń kọ́ gbogbo àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, báyìí náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga ọgbà náà ti darúgbó. Òwúrọ̀ nìkan ni omi ń wá. Nítorí èyí, gbogbo wa ló ń rọ omi kún táńkì tó wà lábẹ́ ilé kí ọ̀sán tó pọ́n, ohun tí a bá rọ sínú rẹ̀ ni a ó máa lò. Ẹni tó bá fọ agbá rẹ̀ lówùúrọ̀, kò ní jáfara tí yóò fi so ó mọ́ táńkì.

Lowell ló ń ṣe gbogbo èyí kí àìsàn tó dé. Nígbà tí dókítà sọ pé kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo mọ́, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́, Ardith gba méjèèjì ṣe. Ó kó gbogbo iyọ̀ kúrò ní ilé ìdáná. Èyí tó wà fún agbá, inú àpótí lábẹ́ ilé ló fi sí, ó sì tì í pa. Ó ń se ẹ̀wà láìsí iyọ̀, ó ń se ẹran láìsí iyọ̀, òun náà sì ń bá ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ kí ó má baà dà bíi pé ó ń fìyà jẹ ẹ́. Ní òwúrọ̀ tó bá ń fọ agbá, Lowell á jókòó sí ojú fèrèsé, á sì máa darí rẹ̀.

“Ardith, o ti ṣí i kéré jù. Báyìí, ọdún tó ń bọ̀ ni iyọ̀ yẹn máa jáde.”

“Tí o bá mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, bọ́ síta.”

“Dókítà ní kí n má gbẹ́rù. Kò ní kí n má sọ̀rọ̀.”

“Èmi ni mo ní kí o má sọ̀rọ̀.”

“Ó dáa. Tọ́ ọ wò ká gbọ́.”

Ardith á bu omi sí ẹnu. Á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó. Á ní, “Ó ti mọ́.”

Ohun tí Lowell kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, ni pé Ardith kò mọ adùn mọ́, kò mọ kíkorò, kò sì mọ iyọ̀. Ní ìgbà òtútù tó ṣáájú, ibà kan tó ń bá ikọ́ rìn wọ inú ọgbà, ó sì dá ọ̀pọ̀ wa dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara Ardith yá, kọfí ti di omi gbígbóná lẹ́nu rẹ̀, àlùbọ́sà kò sì rùn sí i mọ́. Àwọn mìíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ jáde, wọ́n ń fi ṣe àwàdà, tiwọn sì padà. Ti Ardith kò padà. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Janelle, tó ń gbé ní Omaha. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Lowell lọ sílé ìwòsàn, Janelle sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, “Màmá, bí nǹkan kan bá tún ṣe ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì, mò ń bọ̀ wá kó yín nìyẹn. Mi ò ní gba àríyànjiyàn.” Ó ti wá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Àwọn aláìsàn bíi Lowell ní apá tiwọn níbẹ̀, ìyàwó kì í bá wọn sùn níbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Lowell kú sí, Lowell sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó má jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sírú ibẹ̀, pé inú ilé onítáyà yìí ni òun fẹ́ kú sí. Ardith ṣe ìlérí fún un. Bí Janelle bá wá gbọ́ pé ahọ́n ìyá rẹ̀ ti kú, ìlérí náà bàjẹ́ nìyẹn.

Kò nira fún un láti fi pamọ́. Oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ kò ní ohun tí a ń tọ́ wò nínú rẹ̀. Agbá nìkan ló nílò ahọ́n. Ardith rántí bí Lowell ṣe máa ń pẹ́ tó nídìí rẹ̀, òun náà a sì dúró tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Lowell a máa ṣí omi gbàgà nígbà tó bá ń ṣan án. Ọwọ́ Ardith ní làkúrègbé, ẹ̀rọ náà sì le. Ìdajì ló lè ṣí i. Nítorí náà, nígbà tó bá ti bu omi sẹ́nu tó sì ní ó ti mọ́, iyọ̀ ṣì wà nínú agbá, inú táńkì ló sì ń lọ.

Tẹ́lẹ̀, kì bá tí ṣe nǹkan kan, nítorí inú ìlú ni wọ́n ti ń ra omi mímu wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n Lowell kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́, Ardith náà kò lè gbé e. Omi táńkì ni wọ́n wá ń mu, òun náà ni wọ́n fi ń po kọfí, tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná wọn. Asẹ́ náà ń mú òórùn kúrò, kì í mú iyọ̀.

Ó tún kù. Awọ ẹsẹ̀ Lowell ti ń bẹ́, ó ń yún un, omi tó rọ̀ nìkan ló ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nítorí ìyẹn, Ardith kò dúró kí bébà pélébé sọ pé omi ti ń le kí ó tó fọ agbá. Lemọ́lemọ́ ló ń fọ̀ ọ́. A máa ń rí i níta lówùúrọ̀ tòun ti páálí iyọ̀ lábẹ́ abíyá, a sì máa ń sọ láàárín ara wa pé ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Lowell bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàtà rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fa omi kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì pe Ardith sí yàrá kan lọ́dọ̀ obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn nípa oúnjẹ.

“Ìyáàfin Kollmeyer, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ̀sùn kàn yín o. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ń wọ ara wọn láti ibì kan.”

“Kì í ṣe láti ilé ìdáná tèmi.”

“Ọbẹ̀ inú agolo ńkọ́? Búrẹ́dì? Wàràkàṣì?”

“Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ṣe jẹun, ọmọ mi. Mo mọ gbogbo ibi tí iyọ̀ ń sá pamọ́ sí.”

“Ó dáa, mà. Á jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ardith gbé délé. Ẹni tó sì wá sí i lọ́kàn ni Rollie Brandvold, aládùúgbò wọn, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó máa ń yan sọ́séèjì níwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó sì máa ń wá bá Lowell sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ardith bá a nídìí iná rẹ̀.

“Rollie, kí lò ń fún ọkọ mi jẹ?”

“Ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ó ní kò sí nǹkan mìíràn tó ládùn tó ń dé ọ̀dọ̀ òun.”

“Mi ò bá ẹ ṣeré. Ṣé sọ́séèjì yìí ni?”

“Ardith, ajá mi gan-an kì í rí sọ́séèjì mi jẹ. Ibo ni ti Lowell á ti wá?”

“Ó ń wú. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń fún un ní iyọ̀. Èmi kọ́. Ta ló kù?”

Rollie wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀. Kò sí. “Mi ò fún un ní nǹkan kan.”

“Má wá sílé mi mọ́.”

“Ó dáa,” ni Rollie wí, ó sì yí sọ́séèjì rẹ̀ padà.

Fèrèsé Lowell ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Ó gbọ́ ọ.

Rollie kò wá mọ́. Lowell jókòó lóun nìkan sí ojú fèrèsé títí oṣù kan fi parí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, lọ́tẹ̀ yìí ikùn rẹ̀ bá a wú. Kò lè dùbúlẹ̀ kí ó mí mọ́, orí àga ló ń sùn. Ardith ń wọn gbogbo ohun tó ń fún un jẹ, ó tilẹ̀ fi búrẹ́dì du ú. Ó ń fọ agbá, ó ń fi omi rírọ̀ bó ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń po kọfí fún un kí ara rẹ̀ lè gbóná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Lowell ṣubú ní balùwẹ̀. Ibẹ̀ há, Ardith kò sì lè gbé e. Ó jáde, ó kan ilẹ̀kùn Rollie.

“Ó wà nílẹ̀,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Rollie tẹ̀ lé e, ó gbé Lowell dìde, ó sì gbé e lọ sórí àga rẹ̀. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ardith kò mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì, kọfí ló pò. Ó gbé e síwájú Rollie. Rollie mu ẹnu kan, ó gbé ife náà kalẹ̀.

“Bí o kò bá fẹ́ kí n jókòó, sọ fún mi. Má fi iyọ̀ lé mi.”

“Iyọ̀ wo?”

“Èyí tó wà nínú kọfí yìí.”

“Rollie, kò sí iyọ̀ nínú ilé yìí.”

Rollie dìde, ó lọ gbọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Ó wá gbọn òmíràn fún Ardith. “Tọ́ ọ wò.”

Ardith mu ún. Ó gbà á dúró sẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún mu òmíràn. Nǹkan kan kò yí padà lójú rẹ̀.

“O ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu,” ni Rollie wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ardith wo Lowell.

“Mo mọ̀,” ni Lowell wí.

“O mọ kí ni?”

“Pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́. Ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, kọfí náà ṣàjèjì díẹ̀. Mo rò pé ìwọ lò ń fi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i fún mi. Mo rò pé àánú mi ló ṣe ọ́.”

“Èmi? Kí n fún ọ ní iyọ̀?”

“Mo ní tí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ọ́, wàá sì dáwọ́ dúró.” Ó sinmi kí ó lè mí. “Nígbà tí o lé Rollie, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wá rò pé o kàn ń fi bojú ni.”

Ardith jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá wọn. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ ahọ́n rẹ̀ fún wọn, láti ìgbà ibà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó parí, Lowell ní, “Ṣé gbogbo èyí torí Janelle ni?” Ardith ní, “Torí tìrẹ ni.” Rollie kò mọ ibi tí ó máa kọjú sí, ó jáde, ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó wọ abẹ́ ilé, ó sì ṣí táńkì. Omi náà ń ya lọ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé.

Ní Yuma, dókítà fi àwòrán ọkàn Lowell han Ardith. Ọ̀dọ́ ni, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ìwọ̀nba agbára tó kù nínú ọkàn náà ti lọ, kò ní padà.

“Ṣé iyọ̀ náà ni?” ni Ardith bi í.

“Ọkàn wọn ti ń rẹ̀ kí èyí tó dé, mà. Mi ò lè sọ pé iyọ̀ nìkan ni.”

“Ẹ ò sì sọ pé kì í ṣe òun.”

“Rárá,” ni dókítà dáhùn. “Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀nà méjì ló kù. Wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní Omaha, níbi tí wọn yóò ti máa fa omi kúrò lára rẹ̀ títí tí kò fi ní ṣeé ṣe mọ́. Tàbí kí ó padà sílé, kí nọ́ọ̀sì máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó jẹ̀rora, kí ó sì kú. Ardith jókòó lẹ́bàá ibùsùn náà, ó sì pe Janelle. Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ahọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ agbá. Kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́.

“Màmá,” ni Janelle wí, “ká ní ẹ sọ fún mi.”

“Wàá ti kó wa lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màá ti kó yín lọ. Dádì kì bá tí rí báyìí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì tún fẹ́ gbé wọn padà síbẹ̀. Rárá. Mò ń bọ̀ wá gbé wọn.”

Lowell na ọwọ́, ó gba fóònù náà. “Janelle, ìyá rẹ ṣèlérí kan fún mi. Ó ti jìyà lórí rẹ̀ ju bó ṣe tó lọ. Jẹ́ kó mú un ṣẹ.”

“Dádì, omi iyọ̀ ni wọ́n ń fún yín mu.”

“Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni, mo sì ń mu ún. Bí o bá fẹ́ bínú, àwa méjèèjì ni kí o bínú sí.”

Janelle pa fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí dókítà pé òun kò ní dí wọn lọ́wọ́. Kò pe ìyá rẹ̀.

Báyìí ni Lowell ṣe rí ohun tó fẹ́ gbà. Ó wà nínú ilé rẹ̀, lórí àga rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ń wá lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sọ fún Ardith pé kò sí èèwọ̀ oúnjẹ fún un mọ́, pé ohun tó bá wù ú ni kí wọ́n fún un. Ardith bi í bóyá iyọ̀ wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ardith se ẹyin, ó mú iyọ̀ wọlé láti inú àpótí abẹ́ ilé, ó sì dúró tòun ti ṣíbí, kò mọ iye tó máa bu. Lowell ló bu ú fúnra rẹ̀. Ẹnu méjì péré ló jẹ, ó ní ó ti tó.

Rollie ló ń fọ agbá báyìí, nítorí nọ́ọ̀sì ń fi omi rírọ̀ nu ẹsẹ̀ Lowell, omi líle sì ń ta á. Òun náà ló ń gbé omi mímu wá láti ìlú. Ardith kì í sún mọ́ ìdí agbá. Bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, inú ilé ló máa ń wà, á sì fi ẹ̀yìn sí fèrèsé.

Lánàá ni Janelle fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn. Kò kí i. Ó kàn sọ àkókò tí ọkọ̀ òfuurufú òun yóò balẹ̀ ní Yuma, ìyẹn ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán. Ardith fi í han nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì ti gbà láti jókòó ti Lowell. Rollie ni yóò wa Ardith lọ pàdé rẹ̀.